Iṣẹ́ Ẹrú Tí A Fi Tọmọ Jẹ́: Ìtàn Thomas More àti Ẹ̀rí Ọkàn Ẹni Tó Ń Ṣojú Fúnni

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí n kọ nǹkan nípa ẹ̀sìn àti ìṣèlú sínú ìwé yìí, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Mùsùlùmí, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Kérúbù àti Àgùdà ló jọ ń jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì gba ìṣọ́ra láàárín irú wa. Ohun tó mú mi gbà ni àríyànjiyàn kan tó ti gba ìgboro yìí kan láti ọdún 2023.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n búra fún Fadá Hyacinth Alia gẹ́gẹ́ bí gómìnà ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn àgbà inú wa mọ̀ pé òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Fadá Moses Adasu ti jẹ gómìnà níbí láti 1992 títí ìjọba ológun fi tún dé ní 1993. Ṣùgbọ́n ní 2022 tí Fadá Alia bọ́ sínú ìṣèlú, bíṣọ́ọ̀bù Gboko tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà ní gbangba, nítorí pé òfin ìjọ Àgùdà tí wọ́n gbé jáde ní 1983 kò fàyè gba kí àlùfáà di ipò tí agbára ìjọba wà nínú rẹ̀ mú. Níbi tí mo ti lọ gẹrun ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bi mí, torí ó mọ̀ pé Àgùdà ni mí: "Bàbá, bí ìṣèlú bá dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí Fadá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ló dé tí ẹ̀yin yòókù fi ń ṣe é?"

Kì í ṣe torí pé ó dọ̀tí. Ìpàdé ńlá Vatican Kejì, tó parí ní 1965, là á yé ìjọ pé oko àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ni ètò ayé: ilé ẹjọ́, ilé aṣòfin, ọ́fíìsì, ọjà. Àwọn ni kí wọ́n máa ro ó, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rí ọkàn tiwọn ro ó. (Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Kí Fadá tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti ń péjọ gbàdúrà. Ẹni tó ń darí wọn kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú tó ti gba òmìnira ni, Pa Antonio ni wọ́n ń pè é.)

Ibi tó le ṣì wà níwájú. Lọ́yà kì í sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní kóòtù, ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ ló ń sọ. Aṣòfin kì í jókòó fún ara rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló rán an. Bí ohun tí wọ́n rán an bá wá lòdì sí ohun tó gbà gbọ́ níwájú Ọlọ́run ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn òwe náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ni mo sì fi ń tu ara mi nínú nígbà tí ìwé àṣẹ kan bá dé tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí iṣẹ́ ti di èyí tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ mọ́. Ọkùnrin kan wà nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rìn dé ibẹ̀. Lọ́yà ni, aṣòfin ni, adájọ́ sì ni.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Thomas More ní 1478. Lọ́yà ni John More bàbá rẹ̀, ó sì di adájọ́ nígbà tó yá. Wọ́n fi ọmọ náà sọ́dọ̀ Morton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kó máa ṣe ìránṣẹ́ kó sì kọ́ ọgbọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti í fi ọmọ sọ́dọ̀ àgbà. Ó lọ sí Oxford, bàbá rẹ̀ sì fà á kúrò níbẹ̀ wá kọ́ òfin. Ó wù ú láti di mọ́ńkì, ó gbé nítòsí wọn fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ó gbéyàwó, ó bí ọmọ mẹ́rin. Títí ó fi kú ló ń wọ ẹ̀wù onírun tó ń hanni lára lábẹ́ aṣọ oyè rẹ̀.

Ọkọ ọmọ rẹ̀, William Roper, kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí More ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú ilé aṣòfin ní 1504, Ọba Henry Keje béèrè owó gọbọi lọ́wọ́ ìlú, More sì dìde takò ó títí owó náà fi wálẹ̀. Ọba kò rí ọmọ náà mú, torí kò ní nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n wá ẹ̀sùn kà sí lẹ́sẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé títí ó fi san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ irú ìjìyà bẹ́ẹ̀: a kì í nà ọ́, ènìyàn rẹ la ó nà.

Ní 1510 ó di igbákejì ṣẹ́rífù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tálákà. Ní 1516 ó gbé ìwé kan jáde ní èdè Látìn, Utopia, tí gbogbo ayé ṣì ń kà. Ní 1523 wọ́n fi í ṣe abẹnugan ilé aṣòfin. Lóòótọ́, ọba ló wà lẹ́yìn yíyàn rẹ̀, owó orí ni Henry Kẹjọ sì fẹ́ kó bá òun gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí More kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ ọba kí ó jẹ́ kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìbẹ̀rù ìyà. Òun ni ẹ̀bẹ̀ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá ọba gba owó náà, àmọ́ ó kọ́kọ́ bá àwọn tí yóò san án gba ẹnu wọn.

Ní oṣù kẹwàá 1529 ọba fi í jẹ Lord Chancellor. Ipò yìí ló ń tọ́jú èdìdì ìjọba, òun náà sì ni olórí ilé ẹjọ́ tí ará ìlú ń sá lọ bí òfin gbogboogbò bá rẹ́ wọn jẹ. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní orílẹ̀-èdè yìí. Roper ní opó kan jàre níwájú rẹ̀, nígbà tí ọdún tuntun sì dé, ó gbé ìbọ̀wọ́ wá fún un pẹ̀lú owó wúrà ogójì pọ́n-ùn nínú rẹ̀. More gba ìbọ̀wọ́, ó ní ìwà àrífín ni kí ènìyàn kọ ẹ̀bùn ọdún obìnrin, ó sì dá owó padà. Obìnrin mìíràn gbé ife oníwúrà wá. Nígbà tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ wá ń wá ẹ̀sùn kiri lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n fi ife yìí sùn ún níwájú ìgbìmọ̀ ọba. More ní òótọ́ ni, òun gbà á. Inú bàbá Anne Boleyn dùn, ó ní ṣe bí òun ti sọ. Ìgbà náà ni More ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ìtàn: òun bu ọtí sínú ife náà, òun mu ún fún ìlera obìnrin náà, òun sì fi ife ta á lọ́rẹ padà lójú ẹsẹ̀. Ó tún máa ń sọ pé bí bàbá òun bá dúró lápá kan tí èṣù sì dúró lápá kejì, tí ẹjọ́ èṣù bá dára, èṣù ni òun yóò dá láre. Ìyẹn adájọ́ tó mọ̀ pé ipò tí òun wà kì í ṣe ti òun.

Ọ̀rọ̀ tó dé bá a kì í ṣe kékeré. Láti 1509 ni Henry Kẹjọ ti fẹ́ Catherine, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwa tí bàbá wa ń ṣú opó kò ní rí ohun tó burú níbẹ̀, Póòpù ìgbà náà sì ti fún wọn láyè. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kò dúró, ojú ọba ti wọ ara Anne Boleyn, ó sì ń fẹ́ kí Póòpù kéde pé ìgbéyàwó náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Póòpù Clement Keje kò gbà. More ti sọ fún ọba ní kọ̀rọ̀ pé òun kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọba sì dá a lóhùn pé àwọn mìíràn ni òun yóò lò fún iṣẹ́ yẹn. Orí àdéhùn yìí ló fi gba oyè.

Ní oṣù kẹta 1531 ni iṣẹ́ ẹrú dé. Ọba ní kí ó lọ ka èrò àwọn yunifásítì bí i Paris àti Bologna, tí wọ́n ti ọ̀rọ̀ ọba lẹ́yìn, sétí ilé aṣòfin méjèèjì. More lọ. Ó kà á délẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ojú pọ́nni. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé kí ni èrò tirẹ̀, ó ní òun ti sọ ọ́ fún ọba lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn gan-an. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò tú àṣírí ẹni tó rán an. Ó jẹ́ iṣẹ́ ọba, ó sì jẹ́ kó hàn pé iṣẹ́ ọba ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, ọjọ́ náà ni kó wò.

Kí n tó kọjá, ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ torí pé ẹni mímọ́ ìjọ mi ni. Nígbà tó wà lórí oyè, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n dáná sun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìgbàgbọ́ wọn, More sì kọ̀wé pé ó tọ́. Àwọn náà ní ẹ̀rí ọkàn. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì ń yìn ín ní 2000, kò ṣàì mẹ́nu bà á pé àṣà ìgbà rẹ̀ dí i lójú lórí ọ̀ràn yìí. Ó kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a dákẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún 1532, àwọn bíṣọ́ọ̀bù túúbá fún ọba, wọ́n fi agbára ṣíṣe òfin ìjọ sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì More dá èdìdì padà. Ó wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè mìíràn fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó sọ fún wọn bí oúnjẹ ilé yóò ṣe máa dínkù ní ìpele ìpele, àti pé bí ó bá burú tán, wọn yóò jọ gbé àpò, wọn yóò máa kọrin kiri ojúlé. Kò bú ọba. Kò kọ ìwé sí ará ìlú. Ó kàn lọ sílé.

Wọn kò jẹ́ kó jókòó sílé. Ní 1533 ọba fẹ́ Anne, wọ́n dé e ládé, More kò sì lọ síbi ayẹyẹ. Ní oṣù kẹrin 1534 wọ́n pè é kó wá búra lórí òfin tó sọ ẹni tí yóò jogún ìtẹ́. Ẹ wo bí lọ́yà ṣe ń ronú. Ó ní òun lè búra pé ọmọ Anne ni yóò jogún, nítorí ilé aṣòfin ní agbára láti yan ẹni tí yóò jọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣáájú ìbúra náà, tó lòdì sí àṣẹ Póòpù, òun kò ní fi ẹnu òun sọ ọ́. Wọ́n béèrè ìdí. Ó kọ̀, kò sọ. Kò bá ẹnikẹ́ni tó búra wí, títí kan àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ ilé ẹ̀wọ̀n Tower fún oṣù mẹ́rìnlá ó lé.

Nínú òfin ló sá sí. Ó mọ̀ pé lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu tako oyè tí ọba gbé wọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọ ni wọ́n lè pa. Kò sí òfin tó pa ẹni tó dákẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 1535 wọ́n gbé e wá sí Westminster Hall. Bàbá Anne, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti arákùnrin ìyá rẹ̀ wà lára àwọn adájọ́. Wọ́n ní ìdákẹ́ rẹ̀ fi ọkàn ọ̀tẹ̀ hàn. More dáhùn pé òwe àwọn amòfin ni pé ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ túmọ̀ ìdákẹ́ òun, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí pé òun gbà. Àwa náà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún wákàtí díẹ̀, ó dà bí ẹni pé lọ́yà yìí yóò bọ́.

Lọ́yà mìíràn ló pa á. Richard Rich, agbẹjọ́rò ọba, búra pé More ti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sétí òun nínú yàrá ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjì tó wà nínú yàrá náà ní ìwé More ni àwọn ń kó sínú àpò, àwọn kò gbọ́ nǹkan. More sọ fún Rich lójú pé ìbúra èké náà ń ba òun nínú jẹ́ ju ewu tó wà lórí òun lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìgbìmọ̀ ti dá a lẹ́bi. Ìgbà tí wọ́n dá a lẹ́bi tán ló tó la ẹnu, ó ní kò sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kan tó lè fi òfin tirẹ̀ fọ́ ìjọ gbogbo ayé sí wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Kó tó kú, ó ní ìránṣẹ́ rere ọba ni òun, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run ló ṣáájú. Rich di Lord Chancellor lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Wọ́n kéde More ní ẹni mímọ́ ní 1935, ní 2000 sì ni wọ́n fi í ṣe alágbàwí àwọn olóṣèlú. Ohun tó ṣe kò tíì rọrùn fún àwọn tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹsàn-án 1960, John Kennedy sọ fún àwọn pásítọ̀ ní Houston pé bí ọjọ́ kan bá dé tí ipò ààrẹ yóò mú òun tẹ ẹ̀rí ọkàn òun lójú, òun yóò fi ipò sílẹ̀. Ọjọ́ náà kò dé bá a. Ní 1990 ó dé bá Baudouin, ọba Belgium. Ilé aṣòfin ṣe òfin tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́, ọba ní ọwọ́ òun kò ní kàn án. Àwọn mínísítà kéde pé ọba kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn, ilé aṣòfin sì dá a padà sórí oyè ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní eré lásán ni. Èmi wà láàárín: ẹrù náà wúwo, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nílẹ̀ tí wọ́n fi bá a gbé e padà.

Ẹ̀yin lọ́yà inú wa yóò ní, tiwa ńkọ́? Gbígbèjà ẹni tó jẹ̀bi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Abala 36 òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní agbẹjọ́rò, ó sì ní kí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án wá fi ẹ̀rí hàn. Kíkọ́ ẹlẹ́rìí ní irọ́ ni iṣẹ́ Rich. Ní oṣù kìn-ín-ní 2002 Póòpù John Paul Kejì sọ pé kí lọ́yà Àgùdà kọ ẹjọ́ tí yóò tú ìgbéyàwó ká, inú sì bí ọ̀pọ̀ lọ́yà ní Ítálì. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ ti 1992 gbà pé a lè fara mọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni, ìtọ́jú ọmọ tàbí ogún. Obìnrin tí ọkọ ń lù bí ẹni lu bàrà nílò lọ́yà. Fún aṣòfin, Póòpù kan náà kọ ọ́ ní 1995 pé bí kò bá lè fagi lé òfin búburú, ó lè dìbò fún èyí tí yóò dín ibi rẹ̀ kù, bí gbogbo ènìyàn bá ṣáà ti mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí.

Bí gbogbo ènìyàn bá mọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti mú mi. Ní 1994, fáìlì kan dé orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé ilé ìwòsàn abúlé kan ti parí, kí agbaṣẹ́ṣe lè gba owó tó kù. Mo ti dé ibẹ̀. Ògiri ló wà níbẹ̀, kò sí òrùlé. Ọ̀gá mi ní òkè ni wọ́n ti rán an. N kò fọwọ́ sí i. Mo tọrọ kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọ́n gbé mi lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn sì fọwọ́ sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo ṣe bí i Thomas More.

Nígbà tí mo tún ẹjọ́ rẹ̀ kà láti kọ èyí, òwe àwọn amòfin yẹn dá mi dúró. Gbogbo Yúróòpù ló gbọ́ ìdákẹ́ More, òun náà sì mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ òun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tèmi. Owó oṣù mi wọlé ní ìparí oṣù yẹn bó ti yẹ. Mo gba abúlé náà kọjá ní 2011. Ògiri náà ṣì dúró. Ẹnì kan ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì rẹ̀, ó so ewúrẹ́ mẹ́ta mọ́bẹ̀.